Kí Ẹ Tó Ra Akọ Màlúù: Bí Mo Ṣe Ń Da Ẹ̀yà Pọ̀ Nínú Agbo Ẹran Mi

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìbàdàn ní alẹ́. "Àǹtí, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti rí akọ màlúù kan! Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Wọ́n ní màlúù òyìnbó ni bàbá rẹ̀." Mo bi í pé abo mélòó ló ní. Ó ní 9. Ẹ̀yà wo ni wọ́n? Ó ní màlúù lásán ni. Mo wá bi í pé: "Bí akọ yìí bá bí abo 4 fún ọ, akọ wo ni yóò gun àwọn abo náà nígbà tí wọ́n bá dàgbà?" Ó dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àdàlù àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ẹ ra akọ tí ẹ̀yà rẹ̀ yàtọ̀, ẹ tú u sáàárín abo, ó tán. Ọmọ tí wọ́n bá bí á wuyì, á tètè sanra, àwọn alápatà á máa bi yín pé níbo lẹ ti rí i. Ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn bá di abo tó ń wá akọ ni wàhálà ń dé. Ẹni tí kò bá ro ti ọmọ-ọmọ kí ó tó ra akọ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi kọ́gbọ́n. Ọdún 8 ni èmi fi kọ́ ọ.

Abo 40 ni mo ní lónìí, nínú oko kan láàárín Ṣakí àti Ìgbòho. Abo 11 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ọ̀rọ̀ ẹran kò ṣàjèjì sí mi, torí bàbá mi ṣiṣẹ́ ní oko ẹran ìjọba ní Fáṣọlá, nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti sin ẹ̀yà màlúù N'Dama fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti kékeré ni mo ti mọ màlúù tí kò ní iké, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àgbọ̀nrín. Síbẹ̀, nígbà tí mo ní ẹran tèmi, ojú ni mo fi ra akọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo abo tó wà nílẹ̀

Kò sí màlúù lásán. Kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ da ẹ̀yà pọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọgbà láàárọ̀, kí ẹ mú ìwé lọ́wọ́, kí ẹ kọ abo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, iké rẹ̀, ìwo rẹ̀, ọmọ tó ti bí, èyí tó kú nínú wọn.

Èyí tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni Bunaji, tí òyìnbó ń pè ní White Fulani. Funfun ni, ìwo rẹ̀ gùn ó sì yà sókè. Ó lè rìn, ó ní wàrà, ó sì mọ ọmọ tọ́jú. Àléébù rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni eṣinṣin tsetse. Bí tsetse bá ti ta á, tí àìsàn tí àwọn darandaran ń pè ní sàmóré bá wọ̀ ọ́ lára, á rù, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀, oyún á sì bàjẹ́ nínú rẹ̀. Gudali, tí wọ́n ń pè ní Sokoto Gudali, kò ní ìwo gígùn. Awọ ọrùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ kún fún ẹran, ìwà rẹ̀ sì tútù. Kì í fẹ́ rìn jìnnà. Darandaran tó ń kó ẹran lọ kó ẹran bọ̀ kì í fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ wa ti ṣòfin lórí fífi ẹran jẹko ní gbangba, àwa tí a ti ṣọgbà ti rí i pé ìwà tútù yẹn gan-an la nílò. Rahaji pupa bí osùn, ó ga, ó sì dára lójú, àmọ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mi ò fi í sínú ọgbà mi mọ́, torí ìgbà tó bá ta gìrì ni ọgbà máa ń já.

Àwọn tí mo dárúkọ yìí, oníké ni gbogbo wọn. Àwọn tí kò ní iké ni N'Dama, tó ti orí òkè Fouta Djallon ní Guinea wá, àti Muturu, kékeré dúdú tàbí dúdú-òun-funfun tó ti wà nínú igbó wa kí oníké tó dé. Èjìká Muturu kì í sábà ga ju mítà 1 lọ. Àwọn méjèèjì yìí ti bá tsetse gbé pẹ́ débi pé kòkòrò sàmóré lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n sì máa jẹko, kí wọ́n sì máa bímọ. Kì í ṣe pé àìsàn náà kì í mú wọn o. Bí ebi bá pa wọ́n tàbí bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún wọn, ó ń dá wọn dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi tí Bunaji ti ń kú, wọ́n ń yè.

Láàárín àwọn méjèèjì ni Keteku wà, tó jẹ́ àdàlù Muturu àti Bunaji. Ẹ óò rí i láti Kíṣí dé Kaiama, títí wọ ilẹ̀ Benin níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Borgou. Ilẹ̀ Borgu ló yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò lè fara da tsetse kú, èyí tó lè fara dà á yè, ó sì bímọ. Mo fẹ́ràn Keteku gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí ẹni tó ní i bá ń pè é ní ràrá tí kò níye lórí.

Èrè tó wà nínú àdàlù

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣàlàyé. Ká ní ọmọ Bunaji yín ń wọn kìlò 100 nígbà tí ẹ bá já a lẹ́nu ọmú, tí ọmọ N'Dama ọdọ̀ aládùúgbò yín tí ẹ jọ ń tọ́jú ẹran bákan náà ń wọn kìlò 80. Àárín wọn ni 90. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ tí ọmọ àdàlù wá wọn kìlò 97, kìlò 7 tó lé lórí àárín yẹn ni èrè àdàlù. Ara ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ àdàlù náà kò tó ọmọ Bunaji ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń wo òṣùwọ̀n nìkan á ní òun pàdánù. Ṣùgbọ́n nínú ìyá 10, mélòó ló bímọ? Nínú ọmọ tí wọ́n bí, mélòó ló yè títí wọ́n fi já wọn lẹ́nu ọmú? Ibẹ̀ ni èrè àdàlù ti ń pọ̀ jù: nínú bíbí, nínú yíyè, nínú wàrà tí ìyá ń fún ọmọ rẹ̀. Nínú bí ẹran ṣe rọ̀ tó lẹ́nu, kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Bí àwọn ẹ̀yà méjì bá ṣe jìnnà síra wọn tó ni èrè yìí ṣe ń pọ̀ tó. Bunaji àti Gudali, oníké ni àwọn méjèèjì, ìbátan ni wọ́n, èrè wọn mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá da oníké pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní iké ló ń jèrè jù.

Bí mo ṣe ṣìṣe

Ní 2012, mo ra akọ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Wọ́n ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ Brahman ti Amẹ́ríkà. Ó tóbi, ó sì dára. Mo tú u sí gbogbo abo mi láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, títí kan àwọn ọmọge Keteku 5 tí wọn kò tíì bímọ rí. Oṣù 9 lé díẹ̀ ni màlúù fi ń lóyún, nǹkan bí ọjọ́ 285. Nígbà tó pé, 2 nínú àwọn Keteku wọ̀nyẹn kò lè bí. Orí ọmọ tóbi ju ọ̀nà lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìkejì ni mo kúnlẹ̀ sí ní òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí èmi àti dókítà ẹran jọ ń fa ọmọ. A rí ọmọ rẹ̀ gbà, ìyá yè. Ti àkọ́kọ́ ti lọ tọmọtọmọ kí dókítà tó dé. Mo ṣì rántí bó ṣe ń wò mí.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nínú oko mi nìyí: akọ ńlá kò gbọdọ̀ gun abo kékeré, akọ ńlá kò sì gbọdọ̀ gun ọmọge tí kò tíì tó ìwọ̀n. Ọmọge tí kò bá tíì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n abo àgbà kì í rí akọ. Abo àgbà mi ń wọn nǹkan bí kìlò 320, nítorí náà mi ò ń mú ọmọge wá sọ́dọ̀ akọ kí ó tó pé kìlò 210. Tépù tí wọ́n ń fi yí àyà màlúù ká ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kò péye tó òṣùwọ̀n, àmọ́ ó sàn ju ojú lọ.

Àṣìṣe kejì kò pariwo bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ló ná mi lówó jù. Nínú àwọn ọmọ Brahman yẹn, akọ kan yọrí. Mo ní n ò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, n ó fi ṣe akọ agbo. Bàbá Gáà, àgbà Fúlàní tó ń bá mi mójú tó ẹran, mi orí. Ó ní, "Àlájà, wo ìyá akọ kí o tó wo akọ." Mi ò gbọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ akọ náà dé, kò sí méjì tó jọra. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan sanra, ọ̀kan rù bí igi. Alápatà kò lè fi iye kan ra mẹ́rin pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ àdàlù gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ó gba ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè yan ìdajì tí yóò fún ọmọ tirẹ̀. Bí akọ àdàlù bá wá gun abo àdàlù tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ìdajì èrè àdàlù ti lọ. Nínú ọ̀ràn tèmi, àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn abo tó gun, ìyẹn sì tún burú sí i.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, ṣé kò sí àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi àdàlù dá sílẹ̀ ni? Ó wà. Bonsmara ti South Africa jẹ́ ìdá 5 nínú 8 Afrikaner, ìdá tó kù sì jẹ́ ti Hereford àti Shorthorn. Jan Bonsma, ẹni tó dá ẹ̀yà náà sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1937 ní oko ìwádìí ìjọba, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wọ̀n, tí wọ́n fi kọ sílẹ̀, tí wọ́n fi tà èyí tí kò dára. Abo 40 kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ètò tí mò ń lò

Akọ 2 ni mo ní, N'Dama kan, Gudali kan, ojúlówó ni àwọn méjèèjì. Mi ò ń fi akọ àdàlù ṣe akọ agbo. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: abo tí N'Dama bá bí, Gudali ni yóò gùn ún. Abo tí Gudali bá bí, N'Dama ni yóò gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí lọ.

Kí Bàbá Gáà àti àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa máa wá ìwé kiri, etí ni a fi àmì sí. Ọmọ N'Dama gba àmì funfun ní etí òsì, ọmọ Gudali gba àmì pupa ní etí ọ̀tún. Nígbà tí àkókò tí akọ ń gun abo bá tó, a ó pín agbo sí méjì, funfun lọ sọ́dọ̀ Gudali, pupa lọ sọ́dọ̀ N'Dama. Ọmọ ọdún 12 lè pín in. Àwọn abo Bunaji àti Keteku tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò gba àmì. Bunaji nínú wọn lè lọ sọ́dọ̀ èyíkéyìí, ṣùgbọ́n N'Dama nìkan ni mo ń fún Keteku.

Ẹ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí. Ọmọ tí N'Dama kọ́kọ́ bí jẹ́ ìdá 1/2 N'Dama. Gudali gun ọmọ yẹn, ọmọ rẹ̀ di 1/4. N'Dama padà wá, ó di 5/8. Gudali, ó di 5/16. Bó bá pẹ́, kò ní kúrò láàárín ìdá méjì nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Nínú èrè àdàlù tí ọmọ àkọ́kọ́ ní, nǹkan bí ìdá 67 nínú 100 ló máa ń dúró, kì í tán. Bí ẹ bá ní akọ ẹ̀yà mẹ́ta tí ẹ ń yí, á tó 86, àmọ́ ọgbà mẹ́ta àti akọ mẹ́ta kì í ṣe ohun tí oko bíi tèmi lè gbé.

Èrè kan tún wà tí mi ò kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo ní akọ kan ṣoṣo, láàárín ọdún 3 sí 4 ni àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti tó akọ, mo sì gbọ́dọ̀ tà á kí bàbá má bàa gun ọmọ rẹ̀. Nínú ètò yìí, ọmọ kì í padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ rárá. Ọmọ-ọmọ ló ń padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà, ìyẹn sì di ọdún 7. Mo ń ta akọ ní ọdún 5, mo sì ti jẹ̀gbádùn owó tí mo fi rà á dáadáa kí n tó tà á.

Ní ọdún tó dára, abo 40 ń já ọmọ 28 lẹ́nu ọmú fún mi. Ká ní ìdajì jẹ́ abo, ìyẹn 14. Mo máa ń yan 6 nínú wọn láti rọ́pò àwọn ìyá tó ti darúgbó tàbí tí kò lóyún lẹ́ẹ̀mejì. Abo 8 tó kù àti gbogbo akọ, títà ni. Mo máa ń tẹ àwọn akọ lọ́dàá kí wọ́n tó pé oṣù 6. Ó máa ń dunni láti tẹ akọ tó wuyì, ṣùgbọ́n akọ àdàlù tó bá ṣẹ́kù sínú agbo ló ń da ètò rú.

Bí abo yín kò bá tó 25, ẹ má ra akọ méjì. Ẹ lo N'Dama fún ọdún 3, ẹ tà á, ẹ ra Gudali fún ọdún 3. Èrè á dín díẹ̀ sí ti ètò tèmi, nítorí pé àwọn ìyá kan á pàdé ẹ̀yà bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ kò ní sí wàhálà pínpín agbo. Bí abo bá kéré sí 10, ẹ wá aládùúgbò tí ẹ ó jọ lo akọ kan.

Àkókò, àti akọ fúnra rẹ̀

Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni akọ ń wọlé sọ́dọ̀ abo nínú oko mi, ó ń jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ka ọjọ́ 285 síwájú, ẹ óò rí i pé ọmọ àkọ́kọ́ ń bọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, èyí tó kẹ́yìn ní àárín oṣù Keje. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, koríko tútù ti yọ, ìyá á ní wàrà. Nígbà tí mo ń jẹ́ kí akọ wà pẹ̀lú abo ní gbogbo ọdún, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá nínú ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ, ló ń kú jù. Oṣù 3 tó láti fún abo tó ń wá akọ ní ọjọ́ 21-21 ní ànfààní mẹ́rin. Èyí tí kò bá lóyún nínú mẹ́rin, mo mọ ohun tó ń ṣe é tàbí mo mọ ibi tí ó ń lọ.

Ẹ má ra akọ láti inú ọjà káràá. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti bí i, ẹ wo ìyá rẹ̀, ẹ béèrè ọmọ mélòó ló ti bí. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran fọwọ́ kan kóró ẹpọ̀n akọ náà méjèèjì, kí wọ́n tóbi, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti pátákò, torí akọ tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í gùn. Kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún brucellosis, àìsàn tó ń ṣẹ́ oyún màlúù, tó sì ń ran ènìyàn nípasẹ̀ wàrà tí a kò sè. Tí ó bá dé oko yín, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30 kí ó tó rí abo kankan. Akọ àgbà kan tó fún abo 25. Ọ̀dọ́ akọ, ẹ má kọjá 15.

Ti àtọ̀ dídì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gígùn fi sínú abo, mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń rí nitrogen olómi, nítorí ìwọ̀n òtútù -196 ti Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, bí nitrogen inú ìkòkò rẹ̀ bá gbẹ, àtọ̀ ti kú. Ìṣòro kejì ni pé abo oníké kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo bó bá ń wá akọ, òru ló máa ń ṣe é jù, kì í sì í pẹ́. Abo tó bá dúró jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn gùn ún láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n fún un. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó lè ṣọ́ ẹran lóru, akọ ni kó rà.

Fún ti màlúù òyìnbó bí Angus tàbí Simmental, èrò mi ni pé kí ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin lára ẹran tó ń jẹko ní Òkè-Ògùn. Eégbọn àti egbò awọ inú òjò ń jẹ wọ́n run. Bó bá jẹ́ pé ẹran tí ẹ ó tà pátá ni, tí ẹ kò ní fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìyá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò abo rẹ̀ 9 ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kejì. Bunaji ni 6, àwọn 3 ní ẹ̀jẹ̀ Keteku, ó hàn lára iké wọn tí kò dé òkè. Mo ní kó fi akọ ẹlẹ́yìn tábìlì yẹn sílẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ní abo 14, wọ́n ti fẹnu kò láti jọ ra N'Dama kan fún ọdún 3, abo 23 lápapọ̀, Gudali ni yóò tẹ̀ lé e. Dókítà ẹran ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ agbo méjèèjì kí akọ náà tó dé.